Oògùn Ìyá, Oògùn Ọmọ

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ súnmọ́ ẹ̀rọ asọ̀rọ̀mágbèsì yín, nítorí ọ̀rọ̀ òní kan ilé gbogbo wa. Ìtàn ni a fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn oògùn ni: bí àwọn ènìyàn ṣe wá mọ̀ pé oògùn tí aboyún lò, tàbí èyí tí ìyá tí ń fún ọmọ lọ́mú lò, kì í dúró lára ìyá nìkan.

Ẹni tí ó bá dé ọjà Mile 12 ní Kòṣọ́fẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò rí bí wọ́n ṣe ń já tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tí ọkọ̀ akẹ́rù kó wá láti Òkè Ọya. Yóò rí àwọn obìnrin tí wọ́n gbé agbọ̀n rù, àwọn kan pọn ọmọ sẹ́yìn, àwọn mìíràn sì ní oyún nínú. Bí ẹ̀yìn bá ń ro irú obìnrin bẹ́ẹ̀, tàbí tí ara rẹ̀ gbóná, kò ní rìn jìnnà kí ó tó rí oògùn. Kẹ́mísìtì wà ní Kétu, ó wà ní Ìkòsì. Alágbo wà pẹ̀lú ìgò rẹ̀. Ẹni tí ń kiri oògùn wà, tí yóò da hóró mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀rá kékeré kan, tí yóò sì gba owó díẹ̀. Obìnrin náà yóò gbé e mì, ara yóò fúyẹ́, yóò sì padà sídìí ọjà rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹnikẹ́ni kò bi í: oògùn yìí, ibo ni yóò bá a dé?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí Ọlọ́run ṣe ṣètò ọmọ inú. Ọmọ inú kì í fi ẹnu jẹun. Ibi ọmọ ni ó lẹ̀ mọ́ inú ilé ọmọ, okùn ìwọ́ ni ó sì so ọmọ mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ẹ̀jẹ̀ ọmọ kì í dà pọ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni ó wà láàrin wọn, oúnjẹ àti atẹ́gùn a sì máa gba inú awọ náà kọjá. Láyé àtijọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn dókítà òyìnbó gbà pé awọ yìí dàbí ògiri tí kì í jẹ́ kí ohun burúkú kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. Wọn kò ronú pé ẹnu ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà wọlé ni oògùn náà lè gbà.

Ohun tí ó la aráyé lójú ṣẹlẹ̀ láti ọdún 1957 sí 1961. Ní 1957, ilé iṣẹ́ kan ní Jámánì gbé oògùn tuntun kan jáde, thalidomide ni orúkọ rẹ̀. Oògùn tí ń mú ọkàn balẹ̀ ni, tí ń jẹ́ kí ènìyàn sùn. Wọ́n ní kò léwu rárá, débi pé ẹnikẹ́ni lè rà á ní Jámánì láìmú ìwé dókítà lọ́wọ́. Ní 1958, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú. Kò pẹ́ tí àwọn aboyún fi mọ̀ pé ó ń dá èébì òwúrọ̀ dúró, wọ́n sì ń lò ó. Nígbà tí ó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í bí àwọn ọmọ tí apá wọn kúrú, tí ọwọ́ wọn yọ láti èjìká. Àwọn mìíràn kò ní apá, kò ní ẹsẹ̀. Àwọn mìíràn sì ní àbùkù ní etí, ní ojú tàbí ní ọkàn.

Ní 1961, dókítà ará Jámánì kan, Widukind Lenz, ní ìlú Hamburg, lọ ń bi àwọn ìyá léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan nípa ohun tí wọ́n lò nínú oyún. Ní Australia, ní òpin ayé lọ́hùn-ún, dókítà mìíràn tí ń jẹ́ William McBride náà ń fura. Orí oògùn kan náà ni àwọn méjèèjì na ìka sí. Ní òpin oṣù November ọdún náà, wọ́n kó thalidomide kúrò lórí àtẹ ní Jámánì. Ṣùgbọ́n nǹkan ti bàjẹ́ ná: àwọn ọmọ tí ó kàn káàkiri ayé tó nǹkan bí 10,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì pẹ́ láyé.

Ní Amẹ́ríkà, obìnrin kan ni ó gba àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà Frances Kelsey ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960 ní ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ oògùn wò ni. Àwọn tí ó fẹ́ ta thalidomide kò jẹ́ kí ó gbádùn. Wọ́n ń kọ̀wé, wọ́n ń wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ohun kan náà ni ó ń dá wọn lóhùn: ẹ̀rí dà? Kò fọwọ́ sí i. Ní 1962, Ààrẹ Kennedy fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá, wọ́n sì ṣe òfin tuntun ní ọdún yẹn kan náà pé ẹni tí ó bá ṣe oògùn gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ kí ó tó tà á.

Ẹ fi ohun kan sọ́kàn nínú ìtàn yìí. Ọ̀pọ̀ ìyá ni oògùn náà kò pa lára. Ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, nígbà tí apá àti ẹsẹ̀ ọmọ ń yọ, ni ó ń ṣọṣẹ́, obìnrin mìíràn kò sì tíì mọ̀ dájú nígbà náà pé òun lóyún. Ohun tí ó rọ ìyá lọ́rùn lè ba ọmọ jẹ́.

Ẹnìkan lè wí pé, "Ọ̀rọ̀ òkè òkun ni ìyẹn." Ó dára. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀ wálé, nítorí irú rẹ̀ wà níbí, inú àpótí aṣọ wa ni ó sì ń gbé.

Ní 1957 kan náà ni a ṣí Ilé Ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì ní Ìbàdàn, èyí tí a mọ̀ sí UCH. Àwọn dókítà tí ń tọ́jú ọmọdé níbẹ̀ rí ohun kan tí ó ń dà wọ́n láàmú. Ọmọ tuntun tí a bí ní àlàáfíà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n rúsúrúsú ní ojú àti ní ara láàrin ọjọ́ díẹ̀. Àwọn ìyá ń pè é ní ibà pọ́njú. Jọ́ńdíìsì ni àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ó burú, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ni ojú wọn máa ń pọ́n díẹ̀, tí yóò sì mọ́. Ṣùgbọ́n ti àwọn kan pọ̀ lápọ̀jù, ó sì ń wọ inú ọpọlọ. Àwọn kan kú. Àwọn mìíràn yè, ṣùgbọ́n etí wọn kò gbọ́ràn mọ́, ọrùn wọn kò dúró, wọn kò sì lè jókòó bí ẹgbẹ́ wọn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ohun tí ó sábà ń fa irú rẹ̀ ni kí ẹ̀jẹ̀ ìyá àti ti ọmọ má bára mu. Irú ẹ̀jẹ̀ ìyá tí ń fa ìyẹn kò wọ́pọ̀ láàrin wa. Kí ni ó wá ń pa àwọn ọmọ wa?

Ọ̀nà jíjìn ni ìdáhùn náà gbà wá. Nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, àwọn onímọ̀ ń dán oògùn ibà kan tí ń jẹ́ primaquine wò lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n. Wọ́n ṣàkíyèsí pé oògùn tí ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n lò tí kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan ń ba ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú jẹ́: ìtọ̀ wọn a dúdú, ojú wọn a pọ́n, ẹ̀jẹ̀ wọn a sì dínkù lọ́gán. Ní 1956 ni wọ́n rí ìdí rẹ̀. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀, G6PD ni wọ́n ń pè é, òun ni ó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ fún hóró ẹ̀jẹ̀ pupa. Ẹ wo irin tí a kùn ní ọ̀dà. Òjò pa á, kò dípẹtà. Èyí tí a kò kùn, òjò kan ṣoṣo tó láti bà á jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ tí G6PD kò tó nínú rẹ̀ rí. Ẹni tí ó ni ín lè wà láyé títí kí ó má mọ̀, nítorí ara rẹ̀ le koko, àfi ọjọ́ tí oògùn kan tàbí òórùn kan bá kàn án.

Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ọmọ baba wa ni wọ́n. Nígbà tí àwọn dókítà Ìbàdàn gbọ́, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa wò. Ní 1963, Capps, Gilles, Jolly àti Worlledge kọ ohun tí wọ́n rí ní Nàìjíríà sínú ìwé àwọn dókítà tí a ń pè ní The Lancet: àìtó G6PD yìí ní ọwọ́ nínú jọ́ńdíìsì àwọn ọmọ tuntun wa. Láàrin àwa Yorùbá, bí a bá kó ọkùnrin márùn-ún jọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan nínú wọn wà bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, ìyá sì lè gbé e sára kí ó má hàn lára òun fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìyá tí kò ní àìsàn kankan lè bí ọmọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò lè gba ohun tí ẹ̀jẹ̀ ìyá gbà.

Kí wá ni òjò tí ń ba irin náà jẹ́? Ẹ ṣí àpótí aṣọ. Hóró funfun roboto tí a ń kó sáàrin aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́, èyí tí gbogbo ọjà ń pè ní káńfọ̀, òun ni àkọ́kọ́. Naphthalene ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀. Aṣọ tí ẹ̀gbọ́n lò, ìyá a kó o pa mọ́ de àbúrò, a fi káńfọ̀ sí i. Bí ọmọ tuntun bá dé, tí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kò, a kó aṣọ náà jáde, a fi wọ ọmọ, inú ilé a sì máa ta sánsán. Òórùn yẹn ń gba imú àti awọ ara ọmọ wọlé. Bí ó bá bá ẹ̀jẹ̀ tí kò ní ẹ̀ṣọ́ pàdé, hóró ẹ̀jẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ojú ọmọ a sì pọ́n. Èyí tí ó tún burú ni pé àwọn aboyún kan wà tí káńfọ̀ máa ń wù wọ́n, tí wọ́n ń fín in símú, tàbí tí wọ́n ń lá a. Ẹ rántí ẹnu ọ̀nà tí a sọ: ohun tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ ìyá lè dé ọ̀dọ̀ ọmọ kí a tó bí i.

Èkejì ni mẹ́ńtọ́ọ̀lù, ohun tí ń ta ni lára tútùtútù nínú ìpara òtútù àti nínú àtíkè mìíràn. Àwọn ìyá a máa fi í sí ìwọ́ ọmọ kí ó lè tètè gbẹ, wọ́n a sì fi í pa àyà ọmọ tí imú rẹ̀ dí. Èkó ni wọ́n ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ní Ilé Ìwòsàn ti Yunifásítì Èkó, ní Ìdí-Àràbà, S. A. Olowe àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ṣe ìwádìí lórí ewu jọ́ńdíìsì fún àwọn ọmọ tí G6PD wọn kò tó, tí mẹ́ńtọ́ọ̀lù sì kàn wọ́n. 1980 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1985, Familusi àti Dawodu ní Ìbàdàn tún kọ ìwé lórí jọ́ńdíìsì ọmọ tuntun àti àwọn oògùn àti kẹ́míkà inú ilé. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà: inú ilé. Kì í ṣe ohun tí dókítà kọ, bí kò ṣe ohun tí ó wà lórí tábìlì, tí gbogbo ènìyàn mọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ka sí oògùn.

Ẹ lè béèrè pé, èé ṣe tí irú ẹ̀jẹ̀ yìí fi pọ̀ láàrin wa tó bẹ́ẹ̀? Ìbàdàn náà ni wọ́n ti fèsì. Ní 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí ó ní oríṣi hóró méjèèjì nínú ara, èyí tí G6PD rẹ̀ pé àti èyí tí kò pé, nígbà tí ibà ń ṣe wọ́n. Kòkòrò ibà kò pọ̀ nínú hóró tí kò pé bí ó ṣe pọ̀ nínú èyí tí ó pé. Ohun tí ó ti ń gba àwọn baba ńlá wa lọ́wọ́ ibà láti ìrandíran ni ó sọ ọmọ wa di ẹni tí káńfọ̀ lè pa. Tibi tire la dá ilé ayé.

Ransome-Kuti kò fi ìmọ̀ rẹ̀ mọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Láti 1985 sí 1992 ni ó fi jẹ́ mínísítà ètò ìlera fún gbogbo Nàìjíríà. Ohun tí ó ń tẹnu mọ́ ni pé ìtọ́jú gbọ́dọ̀ súnmọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn: kí ìyá rí ibi kan ní àdúgbò rẹ̀ tí yóò ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ọmọ, tí yóò ti gba ìmọ̀ràn, tí yóò sì ti rí ẹni bi léèrè. Nítorí pé ìmọ̀ tí ó wà nínú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé kò wúlò fún obìnrin tí ń ta ata, bí kò bá sí ẹni tí yóò sọ ọ́ fún un ní èdè tí ó gbọ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni a dé yìí. Bí ẹnìkan bá gbọ́ gbogbo èyí, ó lè wí pé, "Ó parí. Láti òní lọ, aboyún kì yóò lo oògùn kankan." Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti sá fún òjò bọ́ sínú odò. Ibà tí a kò tọ́jú lára aboyún a máa jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tán, a máa mú kí oyún bàjẹ́, tàbí kí ọmọ kéré púpọ̀ nígbà tí a bá bí i. Aláboyún àkọ́kọ́ ni ó sì ń bá jà jù. Ìdí nìyí tí àwọn ìyá wa àgbà fi mọ oògùn "Sunday-Sunday", hóró pyrimethamine tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kí ibà má baà ṣe wọ́n.

Lónìí, oògùn tí a fi ń dènà ibà lára aboyún ni sulfadoxine àti pyrimethamine tí a pò pọ̀. Láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin ni nọ́ọ̀sì yóò máa fún un, pẹ̀lú àlàfo oṣù kan ó kéré tán, títí di ìgbà ìbí, kí ó tó ìgbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé là á kalẹ̀ ní 2012. Ẹnìkan tí ó mọ ìwé yóò béèrè pé, oògùn onísọ́fà kọ́ ni ìyẹn? Òótọ́ ni. Ní 1956, William Silverman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York rí i pé sọ́fà tí a fún àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé mú kí jọ́ńdíìsì wọ inú ọpọlọ wọn. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fi ara balẹ̀ wo àwọn ọmọ tí ìyá wọn lo oògùn ibà yìí nínú oyún. Wọn kò rí i kí jọ́ńdíìsì pọ̀ sí i lára wọn. Ìbẹ̀rù ni ó bí ìbéèrè, ìbéèrè bí ìwádìí, ìwádìí ni ó sì jẹ́ kí a lè fọkàn balẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fún oògùn tí a fi ń wo ibà tí ó ti dé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, quinine ni wọ́n ní kí a máa fún obìnrin tí oyún rẹ̀ kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ, nítorí ẹ̀rí kò tíì tó lórí àwọn oògùn tuntun. Nígbà tí ẹ̀rí pọ̀ tó, Àjọ Ìlera Àgbáyé yí ọ̀rọ̀ padà ní 2022, wọ́n sì fọwọ́ sí artemether-lumefantrine fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n primaquine, oògùn ọjọ́sí, a kì í fún aboyún títí di òní, nítorí a kò mọ irú ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára ọmọ inú.

Àwọn oògùn mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀. Tetracycline, kápúsù tí wọ́n ń kiri rẹ̀ nígboro, a máa ba àwọ̀ eyín ọmọ jẹ́ láti inú oyún. Streptomycin, abẹ́rẹ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ, lè di ọmọ létí, bẹ́ẹ̀ oògùn mìíràn wà fún àìsàn náà. Oògùn ara ríro bí ibuprofen àti diclofenac kò dára fún oyún tí ó ti lé ní ogún ọ̀sẹ̀, nítorí ó lè pa kíndìnrín àti ọkàn ọmọ lára. Paracetamol, ní ìwọ̀n tí ó yẹ, ni àwọn dókítà sábà ń yàn dípò wọn. Nítorí náà, hóró mẹ́rin inú ọ̀rá kékeré yẹn kì í ṣe ohun tí aboyún ń gbé mì láìmọ orúkọ wọn. Àgbo tí a fi ọtí rẹ ńkọ́? Ọtí ni ọtí ń jẹ́, ó ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Ẹni tí ó bá sì ń mu àgbo mìíràn, kí ó sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì láìtijú, kí nọ́ọ̀sì má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Ẹni tí a bá bú lónìí yóò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ lọ́la.

Ṣùgbọ́n obìnrin tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí wárápá, tàbí ìtọ̀ ṣúgà, tàbí kòkòrò HIV, kò gbọdọ̀ dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ nítorí pé ó lóyún. Dókítà lè pààrọ̀ rẹ̀ sí èyí tí ó bá oyún mu. Oògùn HIV tí ìyá ń lò déédéé nínú oyún àti ní àkókò ọmú ni ó ń jẹ́ kí ọmọ bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò náà. Níbẹ̀, oògùn ìyá ni ìgbàlà ọmọ.

Ní ti ọmú, ọ̀pọ̀ oògùn ni ó ń gba inú wàrà dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí ń débẹ̀ sábà máa ń kéré. Nítorí náà, kí abiyamọ má ṣe já ọmọ lẹ́nu ọmú nítorí pé ibà ń ṣe é, kí ó wá máa fi omi tí kò mọ́ po wàrà inú agolo fún un. Àwọn díẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún. Codeine jẹ́ ọ̀kan: ara àwọn ìyá kan a máa yí i padà kíákíá di mọ́fíìnì, ọmọ a sì sùn lọ fọnfọn, èémí rẹ̀ lè má já gaara. Ní 2017 ni ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí abiyamọ má lò ó. Ní 2018, ìjọba Nàìjíríà fòfin de ṣíṣe omi ikọ́ oní-codeine àti kíkó o wọlé, nítorí àwọn ọ̀dọ́ tí ń mu ún bí ọtí. Bí ọmọ ọwọ́ bá sì jẹ́ irú èyí tí G6PD rẹ̀ kò tó, kí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fún òun ní oògùn.

Kí ni kí a wá ṣe? Ẹni tí ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Kí obìnrin tó sọ ohun tí ń ṣe é ní kẹ́mísìtì tàbí ní ilé ìwòsàn, gbólóhùn kan ni kí ó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: "Mo lóyún," tàbí, "Mò ń fún ọmọ lọ́mú." Ẹni tí kò bá sì dá a lójú, kí ó wí pé, "Ó lè jẹ́ pé mo lóyún." Lẹ́yìn náà, kí ó béèrè ohun mẹ́ta. Kí ni orúkọ oògùn yìí? Ṣé ó dára fún ọmọ tí ó wà nínú mi, tàbí èyí tí ó wà lọ́mú? Ẹ̀ẹ̀melòó lójúmọ́, ọjọ́ mélòó sì ni? Bí ẹni tí ń tà á kò bá lè dáhùn, kí ó má rà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ti ọmọ tuntun, ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ rẹ̀, ẹ má sì fi mẹ́ńtọ́ọ̀lù kan ìwọ́ rẹ̀. Aṣọ tí káńfọ̀ ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn títí òórùn rẹ̀ yóò fi lọ pátápátá, kí ó tó kan ara ọmọ. Bí ojú ọmọ bá pọ́n ní ọjọ́ kìíní tí a bí i, tàbí tí pípọ́n náà dé àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀, tàbí tí ọmọ kò mu ọmú dáadáa, tí ó ń sùn ṣáá, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Omi ìbẹ́pẹ kò lè wò ó, omi glúkóòsì kò lè wò ó, oòrùn òwúrọ̀ kò sì tó. Iná pàtàkì wà ní ilé ìwòsàn tí wọ́n ń tan sí ọmọ lára. Bí ó bá sì le jù, wọ́n lè pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Wákàtí ni a ń kà níbẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, iṣẹ́ yín wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé. Bí ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá ra oògùn dé, ẹ bá wọn ka ara páálí rẹ̀. Ẹ wo orúkọ rẹ̀, ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1993 láti máa yẹ oúnjẹ àti oògùn wò. Ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ nípa aboyún àti abiyamọ, kí ẹ kà á sókè fún wọn ní Yorùbá.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Frances Kelsey jẹ́ àgbà lọ́jà tirẹ̀, kò sì ṣe ju pé ó béèrè ẹ̀rí, tí ó sì dúró lórí ìbéèrè rẹ̀. Àwọn dókítà Ìbàdàn àti ti Èkó jẹ́ àgbà lọ́jà tiwa, wọ́n béèrè ohun tí ó wà nínú àpótí aṣọ. Ní Kétu, ní Ìkòsì, ní Mile 12, àti níbikíbi tí ẹ bá ti ń gbọ́ wa, ìbéèrè kan náà ni kí ẹ máa bèèrè kí oògùn tó dé ẹnu: ta ni yóò bá mi pín in?